Ìrírí Ẹnu Iṣẹ́ àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Èwo Ló Tó fún Òṣìṣẹ́ Omi?

Ọ̀nà méjì ni òṣìṣẹ́ omi ń gbà mọ iṣẹ́: kí ó kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá a lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì dán an wò kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ibi tí páìpù gbà, etí lásán ni ó sì fi ń mọ̀ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ìrírí nìkan kì í sọ ìdí fún ènìyàn. Ní ìlú Walkerton, ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìrírí ọdún gbọọrọ ni àwọn tó ń bójú tó omi fi gba ìwé ẹ̀rí, láìṣe ìdánwò. Wọ́n a máa mu omi kànga tí a kò tíì fi kílórìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn inú omi, sí, nítorí pé ó mọ́ lójú. Iye kílórìn tí wọn kò wọ̀n ni wọ́n sì ń kọ sínú ìwé. Nígbà tí òjò ńlá gbé ìgbẹ́ màlúù wọ kànga kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ènìyàn 7 kú, àwọn tó lé ní 2,000 sì ṣàìsàn.

Ẹni tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé bí kílórìn inú omi bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ ń náni lówó. Ontario fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di dandan lẹ́yìn náà, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ omi sílẹ̀ ní Walkerton gan-an lọ́dún 2004.