Kọ́ìnì Tí Ilé-Iṣẹ́ Ìtẹ̀wó Ṣì Tẹ̀ àti Èyí Tí Ilẹ̀ Bàjẹ́: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Rà

Ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tàbí tí wọ́n ti wó ilé alámọ̀ àtijọ́, ọkọ́ a máa hú ọ̀nínì, kọ́bọ̀ tàbí ṣílè jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì rí i a máa pe èyíkéyìí tí ojú rẹ̀ kò bá gún ní àṣìṣe ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: àṣìṣe tòótọ́ lè gbé iye kọ́ìnì ga, ìbàjẹ́ a sì máa já a wálẹ̀. Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ rà á ní láti wádìí ni ìgbà tí ohun náà ṣẹlẹ̀, yálà kí òǹtẹ̀, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán àti lẹ́tà sára kọ́ìnì, tó kúrò lára irin kọ́ìnì náà, tàbí lẹ́yìn tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé.

Ara ìlà ni èyí ti hàn jù. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin tí wọ́n ń tẹ̀ yóò ṣàn wọ ibi tí ó sán, ìlà náà yóò sì yọ sókè lára kọ́ìnì láìyàtọ̀ ní àwọ̀ sí ìyókù. Ilẹ̀ kì í fi kún irin, jíjẹ ni ó ń jẹ ẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ tí ó bá dá sí i a máa jìn wọnú, a sì máa gba orí lẹ́tà àti àwòrán kọjá láìyan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún kọ́bọ̀ 1991, nítorí irin ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó fi bàbà bò ó: bí omi bá gba ojú ibi tí ó ha wọlé, ìpẹtà abẹ́ rẹ̀ yóò ti bàbà náà wú sókè, yóò sì dà bí ohun tí òǹtẹ̀ fi síbẹ̀. Wíwú bẹ́ẹ̀ kì í ní etí tí ó gún, ó sì sábà máa ń pọ́n bí osùn nídìí. Kọ́bọ̀ 1973, tí wọ́n fi idẹ ṣe, kì í wú báyìí. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń bò ó.

Bí etí kọ́ìnì bá gé, ẹ wo etí tí ó dojú kọ ọ́ ní òdì kejì. Abala irin tí ẹ̀rọ ti gé kù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ kì í sábà ní etí tí ó yọ dáadáa níbẹ̀, lẹ́tà tí ó súnmọ́ ibi tí ó gé a sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ti ẹni tí ó fi ayùn ré e, lẹ́tà kàn dúró lójijì ni, òdì kejì sì pé pérépéré.

Ihò kì í ṣe àṣìṣe lára ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ ayé Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Àfi bí ihò náà bá yẹ̀ kúrò láàárín. Lára ṣílè, ẹnìkan ló lu ú láti fi so ó mọ́ ọrùn. Ti lẹ́tà tí ó dà bíi méjì-méjì kò gba àlàyé púpọ̀: èyí tí ó níye lórí ní orí tí ó rí roboto ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì, èyí tí kò níye a máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ̀gùn.

Ní ti sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 1943 tí àwọn ènìyàn ń pariwo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 2.7. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó bọ́ sórí idẹ, àwọn ìyẹn sì wọn 3.11. Bí òòfà bá gbé èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti idẹ, irin tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Bí kò bá sì gbé e, ẹ ṣì wo 3 rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn kan a máa gé lára 8 ti 1948.

Òòfà inú rédíò tí ó ti bàjẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí, alágbẹ̀dẹ wúrà Ọjà Ọba yóò sì bá yín wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ yẹ etí rẹ̀ wò kò yẹ kó gba kọjá iye kọ́ìnì lásán lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì gbà kí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́ fún yín kí ẹ tó wò ó, nítorí kọ́ìnì tí wọ́n bá ti họ lára kì í pa iye rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ pé àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ tòótọ́.