Ojú ìwé 224: ohun tí ojú mi rí lórí How to Sell a Haunted House

Aago méjìlá òru ti kọjá díẹ̀. Iná ti lọ láti aago mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ní Kubwa, ní Àbújá, náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kàwé. Nínú ìwé náà, Mark ti ń sọ fún Louise, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó wà níléèwé ní Boston. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn. Ibi tí mo ti kà lánàá ni mo bá ara mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n òǹkọ̀wé ni. Ìwé ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ ni, kí la ò ní rí níbẹ̀? Mo ní bóyá ó fẹ́ kí orí mi dàrú bí ti àwọn ọmọ inú ìwé náà ṣe dàrú. Mo tún ojú ìwé mọ́kànlá kà tọkàntara, àyà mi ń lù kìkì, mò ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, kó tó wá sí mi lọ́kàn láti wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Wọ́n ti di ojú ìwé 193 sí 224 mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn èyí ó fò gba 257 lọ. Ojú ìwé méjìlélọ́gbọ̀n ti wọgbó.

₦18,500 ni mo ra ìwé yìí ní ilé ìtàwé kan ní Wuse. N kò ní dárúkọ wọn, àwọn fúnra wọn mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé náà, nítorí kì í ṣe Grady Hendrix tó kọ ọ́ ni mò ń bínú sí. Ó jáde ní 2023. Charleston ní South Carolina, níbi tí wọ́n ti tọ́ òǹkọ̀wé náà dàgbà, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Bàbá àti ìyá kú pọ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀. Louise wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti San Francisco, ó fi Poppy ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó dé, Mark ti pe àwọn tí yóò kó gbogbo ẹrù ilé dànù. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọláńgidi ni ìyá wọn fi ayé rẹ̀ ṣe: ó ń rán wọn, ó ń fi wọ́n ṣeré, wọ́n kún gbogbo yàrá. Èyí tó ń jẹ́ Pupkin ni olórí ẹjọ́.

Àwọn kan tó ti kà á ní ọmọláńgidi yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù. Èmi kọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni bí ọmọ ìyá méjì ṣe dúró nínú pálọ̀ òbí wọn tó ti kú, tí wọ́n ń ṣírò fún ara wọn ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù àti ẹni tí wọ́n náwó lé lórí jù.

Bàbá tiwa kú ní Ọ̀fà ní 2019, màmá ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Èmi wà ní Àbújá níbí, àbúrò mi ọkùnrin ló wà nílé. Nígbà tí mo fi máa dé fún fídáù ogójì ọjọ́, ó ti ta Peugeot 504 bàbá, ó ti kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì ti fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá. Mo yọjú láti fèrèsé. Ẹ̀rọ ìránṣọ màmá wa ṣì wà lórí tábìlì, òwú funfun wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀, aṣọ ọmọdé kan tí kò rán tán sì há sábẹ́ irin. Mo bèèrè kọ́kọ́rọ́, ó ní ó ti sọnù. Láti ìgbà náà, orí WhatsApp ẹbí la ti ń kíra wa: Jumat Mubarak, ó tán. Nítorí náà, nígbà tí mo kà á pé wọ́n fi pákó kan ẹnu ọ̀nà àjà ilé wọn pa nínú ìwé yìí, ńṣe ni mo pa ìwé dé tí mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín náà o. Mercy, ìbátan wọn tó ń bá ènìyàn ta ilé, ní òun ò lè ta ilé wọn nítorí pé iwin wà níbẹ̀. Irú ejẹ́ńtì wo nìyẹn? Ti Gwarinpa á ti gbowó ọdún méjì, á gba kọmíṣọ́ọ̀nù tirẹ̀, á ní iwin náà kì í dààmú ènìyàn. Òkú ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n tò bí ìbí Jésù tún wà níbẹ̀. Ẹ lọ kà á fúnra yín. Ìparí rẹ̀ ló gùn jù. Ìjà tó yẹ kó ti parí á tún dìde.

Ó yá, ilé ìtàwé. Lọ́jọ́ Ajé mo wọ ọkọ̀ láti Kubwa, mo sọ̀ ní Berger, mo gba takisí. Ọ̀gá wọn gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó yẹ iwájú, kò ṣí i. "Ìwé dáadáa nìyí mà." Mo ní kó ṣí 224. Ó ṣí i, ó kà á, ó ṣí èkejì, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn mà? Ìwé ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ ni."

Ojú tì mí díẹ̀, nítorí ohun tí èmi náà rò lóru nìyẹn. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi.

Ó fi ìka sórí rìsíìtì: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ní n kò bèèrè owó, kó ṣáà pààrọ̀ rẹ̀. Ó kó mẹ́ta wálẹ̀ láti orí pẹpẹ. Àkọ́kọ́: 224, 193. Èkejì: bákan náà. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ó ní bí òun bá ya á, kò ní ṣeé tà mọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ta lẹ fẹ́ tà á fún?" Ó fi èékánná ya á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí egbò. Bákan náà ni. "Ojú ìwé méjìlélọ́gbọ̀n péré mà, nínú odidi ìwé?" Mo bi í pé bí òun bá ra ẹja, tí wọ́n gé agbedeméjì rẹ̀ lọ, tí wọ́n wá lẹ orí mọ́ ìrù, ṣé ẹja lòún rà?

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń gbowó ti dá sí i. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó wọ híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ka ìwé yẹn lórí fóònù mi. Ẹ jókòó, kí n sọ ibi tó sọnù fún yín."

Mo fẹ́ kọ̀. Ìwé kíkà ni mo sanwó fún, kì í ṣe gbígbọ́. Àmọ́ ó ti gbé àga oníke wá, ó ti gbé omi tútù lé mi lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Boston, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fi ọmọláńgidi ṣeré tí Mark kó sí láàárín. Bó bá kan Pupkin, ohùn rẹ̀ á wọ imú, á tín-ín-rín, á máa dún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mèégáàdì wọlé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Bàbá kan tó wá ra ìwé JAMB fún ọmọ rẹ̀ dì í mú lọ́wọ́, kò sanwó, kò lọ. Bí oníbàárà mìíràn bá dé, tí ọmọbìnrin náà dúró gbowó, gbogbo wa á máa wo oníbàárà ọ̀hún bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀gá náà kò kọ nǹkan kan mọ́, ó gbé bírò lé etí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin náà fi fọ́tò ojú ìwé méjèèjìlélọ́gbọ̀n ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á tán, mo rí ohun kan. Lẹ́nu rẹ̀, Mark dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, Louise sì fà á dìde. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Àǹtí, ó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ ni."

Ìwé náà: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan nítorí ìparí tó gùn, mo yọ ọ̀kan nítorí pé ó jẹ́ kí n pe àbúrò mi ní aago mọ́kànlá alẹ́, kò sì gbé e.

Ilé ìtàwé: ìràwọ̀ kan. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún mi, lójú mi náà ni wọ́n sì dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn padà sórí pẹpẹ. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń padà lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní ìwé kan wà tí òun fi pamọ́ dè mí, mo sì ti ní kó bá mi ka nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó dé.