Yàrá ìkàwé National Archives n'Ìbàdàn: mo rí ẹjọ́ ìyá alákàrà níbẹ̀

Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni National Archives, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí, wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, ló ṣagbátẹrù rẹ̀ lọ́dún 1954. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà fáìlì nínú ìwé atọ́ka. Abẹ́ "Oyo Prof", ìyẹn àwọn fáìlì ẹkùn Ọ̀yọ́ nígbà ìjọba òyìnbó, ni mo ti rí tèmi.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ìyá alákàrà kan ni. Ó fi ẹjọ́ kọ́ńsítébù sun àjẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà: ó jẹ àkàrà òun láìsanwó, ó tún gbá òun létí. Akọ̀wé lẹ́tà ló bá a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, òun sì tẹ̀ka sí i. Gbogbo ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì hàn kedere! Omi bọ́ lójú mi.

Àjẹ́lẹ̀ fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sétí ìwé pé kí ọ̀gá ọlọ́pàá wádìí ẹ̀. Ọ̀gá kọ́ńsítébù yẹn náà ni o! Ìlà méjì péré ló fi fèsì: kò sí ẹlẹ́rìí. Láàárín ọjà tó kún fọ́fọ́!

Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ní sùúrù gan-an, kò lé mi. Ẹ mú pẹ́ńsùlù àti ìbòmú dání nítorí eruku, kí ẹ sì rọra ṣí ìwé o, etí wọn ti ń rún.