Mulan ọdún 2020: Ẹyẹ tí wọ́n ta lọ́fà kí ó tó sọ̀rọ̀ tán

Nígbà ìsinmi gbọọrọ tó kọjá, a so aṣọ funfun mọ́ ògiri àgbàlá ilé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, a yá ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ, a sì fi fíìmù Mulan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020 han tọmọdé tàgbà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èmi ni mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ìyá tó jókòó sórí ẹní níwájú. Àwọn ọmọ ti mọ kàtúùnù ọdún 1998 tí wọ́n ti mú fíìmù yìí jáde, wọ́n sì mọ àwọn orin inú rẹ̀ lórí. Mo ti wo fíìmù tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó ní agbára, tí ìlú kò sì mọ bí yóò ti gba agbára náà mọ́ra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì lọ́dọ̀ wa.

Orin àtijọ́ kan ni ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Apá àríwá ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ àkókò tí ìdílé Wei ti Àríwá wà lórí oyè, láàárín ọdún 386 sí 535. Kò gùn rárá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mulan jókòó ti òfì, ṣùgbọ́n dípò ìró òfì, ìmí ẹ̀dùn rẹ̀ ni a ń gbọ́, nítorí pé Khan, ọba wọn, ń kó ọmọ ogun jọ, ìwé méjìlá ni wọ́n fi kọ orúkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò ní ọmọkùnrin tó ti dàgbà. Mulan ra ẹṣin ní ọjà ìlà-oòrùn, ó ra gàárì ní ọjà ìwọ̀-oòrùn, ó ra ìjánu ní ọjà gúúsù, ó ra pàṣán gígùn ní ọjà àríwá, ó múra bí ọkùnrin, ó sì gba ọ̀nà ogun lọ ní ipò bàbá rẹ̀. Nígbà tó padà, wọ́n fẹ́ fi oyè dá a lọ́lá, ó ní ohun tí yóò gbé òun délé kíákíá ni òun ń fẹ́. Inú iyàrá rẹ̀ ló ti bọ́ aṣọ ogun, ó wọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́, ó tún irun rẹ̀ ṣe, ó sì jáde sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n pé àwọn bá a rìn fún ọdún méjìlá láìmọ̀ pé obìnrin ni. Orin náà wá fi ìbéèrè parí: bí ehoro méjì bá ń sáré pọ̀ lórí ilẹ̀, ta ni yóò dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo? Ogun gan-an, ìlà díẹ̀ ni orin náà fún un. Òfì, ọjà àti ilé ló kún inú rẹ̀.

Iléeṣẹ́ Disney sọ ọ́ di kàtúùnù ní ọdún 1998, lábẹ́ ìdarí Tony Bancroft àti Barry Cook. Wọ́n fi orin púpọ̀ kún un, wọ́n sì fi dírágónì kékeré kan tó ń jẹ́ Mushu pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ènìyàn gidi tún un ṣe, Niki Caro, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, owó tí wọ́n ná sí i sì tó mílíọ̀nù 200 dọ́là. Liu Yifei ṣe Mulan, Jet Li ṣe olú-ọba, Donnie Yen ṣe ọ̀gágun. Wọ́n yọ Mushu kúrò, àwọn òṣèré kò kọrin mọ́, àwọn ọ̀tá sì di Rouran, ẹ̀yà tó bá ìdílé Wei jà ní tòótọ́. Àrùn Kòrónà ló ti ilé sinimá pa lọ́dún náà, fíìmù náà sì gba orí Disney+, ibi tí a ti ń sanwó wo fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ń sanwó oṣù tẹ́lẹ̀ tún ní láti san bí ọgbọ̀n dọ́là kí ó tó lè wò ó, títí oṣù kejìlá. Èmi kò bá wọn jà lórí Mushu, bí ó tilẹ̀ dun àwọn ọmọ. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni ohun tí wọ́n fi dí àyè tó ṣófo.

Nínú kàtúùnù, wọ́n ta ọfà mọ́ orí òpó gíga kan, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ogun fi ohun wúwo méjì kọ́ ọwọ́, kí wọ́n gun òpó náà lọ mú ọfà wá. Kò sí ọkùnrin tó lè gùn ún. Mulan náà ṣubú títí, kí ó tó rí i pé bí òun bá so ẹrù méjèèjì pọ̀ yí òpó ká, ẹrù náà ni yóò di àtẹ̀gùn òun. Ọgbọ́n ló fi gùn ún, a sì rí ibi tí ọgbọ́n náà ti dé bá a. Nínú fíìmù tuntun, omi ni wọ́n ń gbé gun òkè, korobá kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, apá méjèèjì ní nínà gbọọrọ. Mulan wò yíká, ó sì tú agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi sílẹ̀, agbára tó ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń lé adìyẹ kiri lórí òrùlé, tí bàbá rẹ̀ sì ní kí ó fi pamọ́. Ó gun òkè náà dé téńté. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú ilé wa ló sọ èyí tó yé mi jù lọ: “Ẹ̀gbọ́n, ó ṣáà ti lè ṣe é tẹ́lẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni. Kò kọ́ nǹkan kan. Ó kàn dẹ́kun fífi í pamọ́ ni. Ọmọbìnrin tó ń hun aṣọ, tí kò yàtọ̀ sí ọmọbìnrin mìíràn ní àdúgbò àyàfi pé ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, kò sí nínú fíìmù yìí mọ́.

Síbẹ̀, qi yìí kan náà ló bí ohun tó gbé fíìmù náà ga lójú mi. Xianniang ni mo ń sọ, èyí tí Gong Li ṣe. Kò sí nínú orin àtijọ́. Nínú kàtúùnù, àṣá lásán ló ń bà lé èjìká olórí ọ̀tá. Ní ọdún 2020, àṣá yẹn di obìnrin. Ó ń fò, ó ń para dà, ó ń wọ awọ ẹlòmíràn bí aṣọ, èékánná ẹyẹ sì wà ní ìka rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló lé e jáde nítorí agbára tó ní, Böri Khan olórí àwọn Rouran sì gbà á sọ́dọ̀ nítorí pé ó fẹ́ fi agbára náà ṣẹ́gun. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Faransé, àjẹ́ ni mo ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí. Bí mo ti pe ọ̀rọ̀ náà ni àgbàlá dákẹ́. Ìyá àgbà ilé wa gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá wa ni kí o pè é.”

Ará Kétu kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ìlú wa ni a gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní iyebíye gbogbo ayé ní ọdún 2001. Nítorí àwọn ìyá ni a ṣe ń ṣe é, àwọn ẹlẹ́yẹ, tí agbára wọn lè mú kí ìlú bí sí i, tó sì lè tú ìlú ká bí a bá fi ojú tín-ín-rín wò wọ́n. A kì í lé wọn kúrò nílùú. Orin Ẹ̀fẹ̀ lóru, ijó lọ́sàn-án, igi tí a gbẹ́ tí a sì kùn, ìwọ̀nyí ni a fi ń júbà wọn, tí a fi ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyá ilé wa rí obìnrin ẹlẹ́yẹ yìí tó ń dá fò lókè aginjù, ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ẹni tí yóò kí i.

Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ti mọ̀ pé obìnrin ni Mulan, tí wọ́n sì ti lé e lọ, Xianniang wá bá a lórí òkè. Ó sọ fún un pé bákan náà ni ọ̀nà àwọn méjèèjì rí, ó sì ní kí àwọn jọ lọ gba àyè tó tọ́ sí àwọn. Ìran yìí ló dára jù lọ nínú fíìmù tó gùn tó wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú márùn-ún. Agbára kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ti ọ̀kan ń jẹ́ ìwà rere, ti èkejì ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ mìíràn ju ọba tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jà fún lọ. Olùdarí náà béèrè ìbéèrè yìí ketekete, lẹ́yìn náà ni ó sá fún un. Mulan kọ̀, ó ní àyè òun ni kí òun dáàbò bo olú-ọba. Kò pẹ́ sí i, Xianniang fi ara gba ọfà tí Böri Khan ta sí Mulan, ó sì kú. Wọ́n sọ pé bó ṣe rí obìnrin tó ń ṣáájú ọkùnrin lójú ogun ló yí i lọ́kàn padà, ṣùgbọ́n ìyípadà náà kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òṣèré tó mọ iṣẹ́ tó Gong Li kò sì rí àyè fi hàn wá. Ẹni tí ìlú lé, tí ọ̀tá lò, ikú ni wọ́n rí fún un kí ọ̀nà lè là fún ọmọbìnrin tó gbọ́ràn. Ó dùn mí gan-an.

Mo tún kíyè sí ọ̀rọ̀ aṣọ. Nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin, ó ń so ọmú mọ́ àyà, ó ń di ìdí kí ó lè tóbi; gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní irọ́. Fíìmù yìí pe aṣọ Mulan ní irọ́, ó sì ní irọ́ náà ló ń dí qi rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí ìdí èyí, àárín ogun ló ti bọ́ ìhámọ́ra dànù, tó tú irun sílẹ̀, tó sì sáré wọ àárín ọ̀tá. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n orin àtijọ́ kò mọ ìtìjú yẹn rárá: ilé ni Mulan ti bọ́ aṣọ, nígbà tó wù ú, ehoro méjèèjì kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wúwo ju ìyẹn lọ fún ẹni tó ń wo fíìmù yìí láti Kétu. Ní ọdún 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀ kó ìlú wa, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Ìjọba náà ló ní àwọn Àgójìé, ọmọ ogun obìnrin tí ère tó ga tó mítà 30 dúró fún ní Kútọnu láti ọdún 2022. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó mú idà lọ́wọ́ kò tó láti mú mi yọ̀ títí n óò fi mọ ìlú tí ó ń gbógun tì. Àwọn Rouran inú fíìmù yìí kò ní ilé, wọn kò ní ìyá, wọn kò ní ọmọ tí ń sunkún; a kàn gbọ́ pé olú-ọba ló pa bàbá Böri Khan, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ dára púpọ̀. Mandy Walker ló ya àwòrán rẹ̀, Bina Daigeler ló ṣe aṣọ, aṣọ náà sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Oscar. Pupa àti ìyeyè rẹ̀ tàn lórí aṣọ funfun wa títí àwọn tó ń kọjá lójú títì fi dúró wò. Ilé rìbìtì alámọ̀ tí Mulan ń gbé wu àwọn àgbà, nítorí pé ó jọ agbo ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fujian ní gúúsù Ṣáínà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, tó jìnnà sí àríwá tí orin náà ti wá. Tzi Ma, tó ṣe bàbá rẹ̀, mú omijé wá sójú mi nígbà tí Mulan ń tọrọ àforíjì pé idà bàbá òun ti ṣègbé, tí bàbá sì jẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ òun ni òun ń wá, kì í ṣe idà. Ní ti orin, kí ìtàn náà tó parí, ohun èlò nìkan ni wọ́n fi ń dá orin inú kàtúùnù náà. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n gbé e sókè lẹ́nu, fíìmù náà kò sì bá wọn gbè é.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, kàtúùnù ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án. Kò tó wákàtí kan àbọ̀, ó sì kọ́ ọmọ ní bí a ti ń fi ọgbọ́n gun òpó. Àgbàlagbà lè wo ti ọdún 2020 nítorí Gong Li àti nítorí bàbá náà, kí ó sì wò ó lára ohun tó fẹ̀, nítorí pé ojú fóònù kò gba aginjù yẹn. Nígbà tó parí lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mo fẹ́ pa ẹ̀rọ, Ìyá àgbà ní kí n dá a padà sórí òkè, níbi tí àwọn obìnrin méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo dá a padà, mo sì tún un túmọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.