93 Days: ẹ wò ó fún ilé ìwòsàn, kì í ṣe fún ìtàn ìgbésí ayé

Ẹni tó bá tìtorí ìgbésí ayé Dókítà Ameyo Stella Adadevoh lọ wo 93 Days, ìdajì ni yóò bá. Fíìmù tí Steve Gukas darí, tó jáde ní 2016, dúró lé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 20 oṣù Keje sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014: láti ọjọ́ tí Patrick Sawyer, ará Liberia, gbé Ebola wọ Èkó títí di ọjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ nípa Herbert Macaulay tó jẹ́ baba ńlá obìnrin yìí, tàbí bàbá rẹ̀ tó ti ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó rí, ìwé ni kó lọ kà. Ohun tí fíìmù yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni ilé ìwòsàn.

Ọbalendé ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, ló jẹ́ pé First Consultants, ilé ìwòsàn aládàáni, ni wọ́n gbé Sawyer lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú fún un, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ni ara rẹ̀ gbóná l'Ékòó tí a ò ní pè é ní ibà? Ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, èébì: bákan náà ni àìsàn méjèèjì ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn ibà kò ràn án. Ọkùnrin náà ní òun kò bá aláìsàn Ebola kankan pàdé. Adadevoh, dókítà ilé ìwòsàn náà, kò gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dé láàbù LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà. Àwọn aṣojú Liberia ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ sí ìpàdé tó ní ní Calabar. Ibí ni kí ẹ ti wo Bimbo Akintola, tó ṣe Adadevoh, dáadáa. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ṣe é, bíi dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí "rárá" rẹ̀ kò ní ariwo nínú.

Ṣùgbọ́n Yábàá ni fíìmù náà ti gbóná. Nígbà tí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ti kó àrùn lọ sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn níbẹ̀, ìtàn bọ́ sọ́wọ́ Dókítà Ada Igonoh, tí Somkele Iyamah-Idhalama ṣe. Kò sí oògùn Ebola tí ìjọba kankan fọwọ́ sí nígbà yẹn. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń fa omi ara gbẹ, gígún dírípù sì léwu fún nọ́ọ̀sì tó wọ ìbọ̀wọ́ méjì, tí òógùn ń ṣàn sí lójú. Ẹnu ni omi gbọdọ̀ gbà wọlé. Fíìmù náà jẹ́ ká rí i pé iṣẹ́ ńlá ni mímu ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi ń dá omi ara padà: inú ń rú obìnrin náà, ó sì tún ń gbé e sẹ́nu.

Ohun tí kò ráyè ṣàlàyé ni bí omi yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ wọlé, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ lọ́jà, lítà omi kan ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Pure water 50cl méjì ló ń jẹ́ lítà kan. Ìgò 75cl kò tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pò ó sí. Bí omi bá kéré, iyọ̀ àti ṣúgà á pọ̀ jù, ìfun á wá máa fa omi kúrò lára dípò kó máa fà á wọlé. Ẹni tó bá bì í, kó sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Gbèsè tí fíìmù náà jẹ wá wà níta ilé ìwòsàn. Èèyàn 894 ni wọ́n tọpa l'Ékòó àti Port Harcourt, tí wọ́n ń yẹ̀ wò bóyá ara wọn gbóná, ọjọ́ 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀wò ojúkojú náà tó bíi 18,500. Ètò tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún rọpárọsẹ̀ ni wọ́n yí padà fún un. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kó dúró sórí èèyàn 20 tó kó àrùn náà àti 8 tó kú, tí Adadevoh fúnra rẹ̀, tó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, wà lára wọn. Kò rọrùn láti fi ṣe sinimá, lóòótọ́: ta ló fẹ́ sanwó wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kiri? Síbẹ̀, ó yẹ kó gba àyè ju èyí tí wọ́n fún un lọ.

Danny Glover ló ṣe Dókítà Benjamin Ohiaeri, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Ohùn Amẹ́ríkà rẹ̀ kò jẹ́ ká gbàgbé pé eré là ń wò. Fíìmù náà gba nǹkan bíi wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì sọ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun, ẹ dá a dúró níbikíbi tí aṣọ ìdáàbòbò bá ti hàn, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bọ́. Bíbọ́ léwu ju wíwọ̀ lọ, torí ìta aṣọ náà ló ti dọ̀tí. Ìbomú wà lára ohun tí wọ́n ń bọ́ kẹ́yìn, ọwọ́ fífọ̀ sì ń wà láàárín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ìbomú lòun máa kọ́kọ́ bọ́, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.