Kí lẹ fẹ́ rà fún ọmọ àrọ̀ inú láàbù: Artemia ààyè (ẹ̀dá kékeré inú omi oníyọ̀ tó jọ edé), ẹyin Artemia tí wọ́n ti bó, àbí oúnjẹ gbígbẹ?

Nǹkan bí ọjọ́ 3 ni ọmọ àrọ̀ fi ń jẹ ohun tó wà nínú àpò ikùn tó bá a jáde láti inú ẹyin. Tó bá tán, àfi kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí lọ ra oúnjẹ. Mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ wá.

Artemia tí ẹ máa pa fúnra yín láti inú ẹyin. Ẹyin gbígbẹ tó dà bí yanrìn ló ń wà nínú agolo, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Great Salt Lake ní Utah, l'Amẹ́ríkà. Ẹ ó dà á sínú omi oníyọ̀ (gíráàmù 25 sí 35 nínú lítà kan) tó gbóná tó 28°C. Kí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i fún wákàtí 24. Ọmọ tó bá jáde kò ju ìdajì mìlímítà lọ, ó sì ń mira, ọmọ àrọ̀ kì í kọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi ò rí oúnjẹ tó jù ú lọ. Ẹ fún wọn ní kété tó bá pa, torí bó ṣe ń pẹ́ ni agbára ara rẹ̀ ń dín kù.

Ẹ má fi iye owó nìkan yan agolo. Ẹ wo ìdá tó ń pa nínú 100 tí wọ́n kọ sí i lára. Ká ní ₦90,000 ni wọ́n ń ta agolo 90%, tí ti 60% jẹ́ ₦60,000: ẹ lè rò pé ọgbọọgba ni. Rárá o. Ẹyin tí kò pa àti èèpo máa ń dí ìfun ọmọ ẹja, ó sì pọ̀ jù nínú ti 60%.

Ẹyin tí wọ́n ti bó. Wọ́n ti fi kẹ́míkà yọ èèpo rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbẹ kì í pa mọ́. Kò nílò iyọ̀, kò nílò ẹ̀rọ. Láàbù tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú, òun ni kó rà. Ó máa ń rì, kì í sì í mira, ṣùgbọ́n òórùn àti irùngbọ̀n ni àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ nísàlẹ̀ omi, kò dí i lọ́wọ́. Ẹ fa àṣẹ́kù jáde kó tó jẹrà.

Oúnjẹ gbígbẹ, mìlímítà 0.2 sí 0.3. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ikùn ọmọ àrọ̀ kò tíì lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹun, ẹ̀yìn bí ọjọ́ mélòó kan ni kí ẹ máa pò ó mọ́ Artemia díẹ̀díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdá purotéènì wà lára àpò, nígbà tí ti Artemia lè yàtọ̀ láti agolo kan sí òmíràn. Bí ìwádìí yín bá jẹ́ lórí oúnjẹ, ẹ ra gbogbo èyí tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (nọ́ńbà batch kan náà). Ẹ jìnnà sí èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lọ́jà: kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára, fítámì C rẹ̀ lè ti lọ, òróró rẹ̀ lè ti bàjẹ́.