Ọdún mẹ́fà nídìí dìgírì àgbẹ̀: ohun tí owó mi rà

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè rí nǹkan mú lọ. Méjì àbọ̀ nínú rẹ̀, ọdún kẹrin nìkan ló ni ín. Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù ni ọdún mẹ́rin yòókù pín láàárín ara wọn, kí wọ́n sì máa dúpẹ́.

Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà. Ti ìjọba ni, ilẹ̀ Yorùbá níbí ló wà, ẹni tó bá sì ti gba iwájú géètì rẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́ á ti rí àwọn ọmọ tó wọ bàtà òjò, tí wọ́n ń ta ẹyin àti ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì. Èmi náà jókòó síbẹ̀ rí. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà, ẹ̀ka tó ń kọ́ni béèyàn ṣe lè dáko láìba ilẹ̀ jẹ́, àti bí oúnjẹ ṣe ń ti oko dé inú ìkòkò aráàlú. Kì í ṣe èmi ni mo yàn án. Nọ́ọ̀sì ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB ní 2017. Máàkì mi kò tó, wọ́n bá "fún mi ní àgíríìkì". Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé eegun ni wọ́n bu fún èèyàn níbi àríyá.

Ìyá mi ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo ka ohun tó wà lójú fóònù fún wọn tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Oko tí bàbá rẹ sá fún wá sígboro, òun la tún fẹ́ máa sanwó lọ bá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó gbà mí tó ọdún mẹ́rin kí n tó rí i.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu la fi dáko. Kẹ́mísìrì, ìṣirò, orúkọ kòkòrò ní èdè Látìn. Àwa tí a ju irinwó lọ nínú gbọ̀ngàn tí àga rẹ̀ kò tó ìdajì wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ásíìdì pọ̀ nínú ilẹ̀ tàbí kò pọ̀ wà lóòótọ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ló wà, bátìrì rẹ̀ ti kú kí n tó wọlé. Lójú pátákó la ti ń wọn ilẹ̀. Mo gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò yẹn, láì tíì fi ìka kan erùpẹ̀ kankan rí.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo máa yọ sọ́tọ̀ nínú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kan, ó fa ẹ̀wà tòun ti gbòǹgbò wá sí kíláàsì. Kókó wínníwínní wà lára gbòǹgbò náà, ó sì fi èékánná la ọ̀kan. Inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní inú kókó yẹn ni àwọn bakitéríà tó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà ń gbé: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́; bó bá funfun tàbí bó bá rí bí ewé tútù, ọ̀lẹ ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ló kọ 15-15-15 sójú pátákó, ó bi wá pé kí ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ti rí i lára àpò fatiláísà láti kékeré. Ó ní 15 àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n náítírójìn nínú ọgọ́rùn-ún, pé àpò kílò 50 yẹn, náítírójìn inú rẹ̀ kò ju kílò méje àbọ̀ lọ. Ti yùríà tó jẹ́ 46 nínú ọgọ́rùn-ún, kílò 23 ló wà nínú àpò kan. Ó wá ní kí kálukú ṣírò iye tó ń san lórí kílò kan, kó sì wá fi wé gbòǹgbò ẹ̀wà tí kò gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo dárí ji ọdún kejì.

Ẹ̀kọ́ tó sọ nípa oúnjẹ àwùjọ gan-an, èyí tí mo torí rẹ̀ fara mọ́ àgíríìkì nígbẹ̀yìn, yúníìtì méjì péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni olùkọ́ rẹ̀ yọjú ní sáà náà. Ìwé fọ́tókọ́pì tí a rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣojú kíláàsì ṣàlàyé bí àwọn kan l'Amẹ́ríkà ṣe ń san owó fún àgbẹ̀ ṣáájú ìkórè, kí òun náà lè rówó ra irúgbìn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn ní ọjà Dawanau ní Kánò kí ẹ̀wà tó kúrò lóko, wọn ò sì tíì bí mi nígbà náà. Ìwé náà kò dárúkọ àáró, kò dárúkọ ọ̀wẹ̀, kò mẹ́nu kan èsúsú, kò sọ ohunkóhun nípa alájàpá. Bí ẹni pé àwa kì í jẹun tẹ́lẹ̀.

Ọdún kẹrin wá dé, 2021, lẹ́yìn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì tó gbá ọdún tó ṣáájú lọ. Ọdún oko nìyẹn. Kò sí kíláàsì. Aago mẹ́fà ìdájí ni wọ́n ń pe orúkọ, ẹni tó bá pẹ́ á lọ gbálẹ̀ ilé adìẹ. Àwa mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fún ní ìdajì hẹ́kítà, a sì dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan fún irúgbìn àti oògùn. Tirakítọ̀ kan ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́ta. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la fi retí rẹ̀ kí a tó mú ọkọ́. Ọwọ́ mi lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé.

Ìgbà yẹn náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n pe gbogbo wa jọ lé lórí. Ní ìparí oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn wàhálà Yorùbá àti Hausa ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò tó ń kó màlúù àti oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kíá, tòmátì àti àlùbọ́sà di góòlù. Ìyá mi pè mí lórí fóònù: "Yunifásítì àgbẹ̀ lo wà, àbí? Tòmátì mélòó lẹ ní níbẹ̀?" Mo wo ilẹ̀ tó lọ súà níwájú mi. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àgbàdo. Mi ò rí tòmátì kankan. Kò sì sí olùkọ́ kankan tó bá wa sọ ọ́, kódà kó jẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ẹni tó kọ́ wa níṣẹ́ ni bàbá tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ oko. Bàbá Oko là ń pè é. Wọ́n ní kí a gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín poro, 25 láàárín igi kan sí èkejì, tí ó jẹ́ igi ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta ó lé ní hẹ́kítà kan. A na okùn, a na téèpù, a lo odindi àárọ̀ lórí poro mẹ́fà. Bàbá Oko ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ni òun fi ń wọn tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a yọ́ lọ fi téèpù wọn oko rẹ̀: 78, 80, 77. Kò dá àgbàdo nìkan gbìn, ó fi ègúsí sábẹ́ rẹ̀, ègúsí sì tẹ́ bo gbogbo ilẹ̀ tí koríko kò fi rímú mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la roko tiwa. Òun roko lẹ́ẹ̀kan.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù la bù sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wa, nítorí a ti kà pé ajílẹ̀ tó dára jù ni. Ọjọ́ kẹta, ewé ti jó bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ kó o jọ pẹ̀lú koríko gbígbẹ kó jẹrà. Ó wà nínú ìwé wa, ojú ìwé kan náà, ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀. Bàbá Oko kò bínú, ó kàn fi àdá tọ́ka sí ibi tí ewé Akíntọ́lá ti hù dúdú minimini, ó ní ibẹ̀ ni kí a lọ gbin òmíràn sí, torí ewé yẹn mọ ilẹ̀ tó sanra. (Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólówọ̀. Ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ ń ṣe ni wàá fi mọ orúkọ tí wàá pè é.) Nígbà tí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2016, dé oko wa, oògùn tí a ti sanwó fún kò dé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi kọjá. Eérú ni Bàbá Oko ń bù sínú ọ̀mùnú àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Kì í pa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí nǹkan kó.

Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, abúlé ni. Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ oúnjẹ àwùjọ tí olùkọ́ ẹlẹ́ẹ̀mẹrin kò kọ́ wa. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá tí wọ́n jọ ń yan gàrí, ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ kan, ibi ìfúngàrí kan. Ẹ̀gẹ́ tí a bá hú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Tí gbogbo àgbẹ̀ bá hú tiwọn lọ́jọ́ kan náà, ìdajì á bàjẹ́ nílẹ̀, alájàpá á sì dá iye tó wù ú. Ìyá tó jẹ́ olórí wọn ní ìwé kékeré kan tó ń fi sínú ìgbàjá. Ìlà ló ń fà sínú rẹ̀, kò mọ̀wé kọ. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá tíì wà nínú ìwé yẹn kò gbọdọ̀ hú ẹ̀gẹ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gan-an hú tirẹ̀ láìgbàṣẹ nígbà kan, ẹ̀gẹ́ náà sì jókòó sílẹ̀ títí ó fi rà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Bí mo bá gbà fún un, kí ni mo máa sọ fún àwọn mẹ́tàlá yòókù?" Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ àṣejáde mi. Olùkọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò fi bíròó pupa kọ ọ́ sí i pé kí n lọ wá àwọn onímọ̀ tó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé kọ́ ló mú wa lọ sí Songhai, oko ìkọ́ṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórílẹ̀-èdè Benin, àwa méje la dáwó mọ́tò. Godfrey Nzamujo, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985 lórí hẹ́kítà kan tí ìjọba Benin fún un. Kò sí nǹkan tó ń ṣòfò níbẹ̀. Ìdin tó hù lára ìdọ̀tí di oúnjẹ ẹja, omi ẹja ni wọ́n ń bù sí ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná. Yorùbá ni ẹni tó mú wa káàkiri fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó tún sọ ohun tí mi ò gbàgbé: pé ní ìhà gúúsù Benin, àwọn àgbẹ̀ tí koríko ẹ̀kan ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìbátan yèrèpè sí i ní ìparí àwọn ọdún 1980, irú èyí tí kì í yún ni. Ó bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ó sì ń fi náítírójìn sílẹ̀. Yèrèpè! Èyí tí à ń sá fún ní kékeré.

Nígbà tí a pín èrè ọdún oko, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé igba náírà ló kàn mí, àti kírétì ẹyin kan tí mẹ́rin ti fọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyanṣẹ́lódì 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọdún karùn-ún, ẹ má bi mí. Mo jáde ní 2023.

Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́ọ̀sì yìí, kó bi ilé-ìwé tó fẹ́ lọ ní ohun kan ṣáájú owó: ṣé ẹ ní ọdún oko, oṣù mélòó lẹ sì ń lò ní abúlé? Bí wọ́n bá dáhùn pé "fíìlì-tíríìpù" la máa ń lọ, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ra àdá tiyín láti ìgboro, ti ẹnu géètì kì í mú. Ẹ má sì ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi yín sí abúlé tó ní iná. Mo rí àwọn tó ṣe é. Fíìmù ni wọ́n wò fún oṣù mẹ́ta.

Ní báyìí, mo yá ilẹ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moníyà, ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ń san owó ẹ̀fọ́ fún mi lóṣooṣù kí n tó kórè. Ìyẹn ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n èsì tí mo jẹ ìyá mi láti 2017, inú ìsọ̀ wọn ni mo ti fún wọn. Kòkòrò ló ń jẹ èrè wọn. Ata gbígbẹ àti oòrùn ni wọ́n ń lò, àwọn aládùúgbò wọn ń fi oògùn ẹ̀fọn, dichlorvos, sí ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré mìlílítà 100 rẹ̀ láti 2019. Mo mú àpò onípele mẹ́ta wá, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Àwọn onímọ̀ láti Purdue l'Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù, nítorí ẹ̀wà gan-an. Kò sí oògùn níbẹ̀. Èèyàn á fún afẹ́fẹ́ jáde, á so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí èémí tó kù tán, á sì kú. Ìyá mi gbà láti fi àpò méjì ṣe é, àwọn tó kéré jù.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n tú ọ̀kan níwájú mi. Wọ́n bu ẹ̀wà sọ́wọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n tún yí i padà, wọ́n wá ihò títí, wọn ò rí. Wọ́n bi mí pé àpò mélòó ló kù nílé. Mo ní mẹ́rin. Wọ́n ní kí n mú gbogbo rẹ̀ wá lọ́la, kí n sì má sọ fún obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì.